Bí a ṣe pín owó àtúnṣe ilé wa

Agbaṣẹ́ṣe tó ń tún ilé ìdáná àti balùwẹ̀ wa ṣe kọ́kọ́ ní kí n san ìdajì owó kó tó gbé òòlù, kí n wá san ìdajì kejì ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Mi ò gbà. Kì í ṣe pé mo fura sí i. Mo ti lọ wo ilé tó ṣe fún ẹlòmíì, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kẹrin lè pé kí iṣẹ́ má tíì dé ìdajì, owó á sì ti tán lọ́wọ́ mi. Mo ní ká má fi ọjọ́ ka owó, iṣẹ́ tí ojú rí ni ká fi kà á.

Mo wá bi í pé kí ló fẹ́ fi owó ńlá ṣe níbẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Mà, ọmọ iṣẹ́ máa ń gbowó lópin ọ̀sẹ̀, wọn kì í dúró. Àwọn tó ń ta táìsì náà kì í ta àwìn." Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Torí náà, èmi fúnra mi ni mo sanwó táìsì, ẹ̀rọ omi àti kọ́bọ́ọ̀dù fún àwọn tó ń tà wọ́n, orúkọ mi ló wà lórí rìsíìtì. Ìyẹn nìkan já àsansílẹ̀ wálẹ̀ láti ìdá 50 nínú 100 sí ìdá 15. Owó iṣẹ́ tó kù, a gé e sí wẹ́wẹ́, kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbẹ lọ́sẹ̀ kankan.

Ibi tí mo tẹnu mọ́ jù ni kí wọ́n tó rẹ́ ògiri. Bí wọ́n bá ti bo páìpù àti wáyà, tí táìsì sì ti lẹ̀ mọ́ ọn, àfi kéèyàn fọ́ ògiri kó tó mọ ohun tó ń jò. A kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé owó abala yẹn kò ní jáde àfi tí wọ́n bá dí gbogbo ẹnu páìpù, tí wọ́n ti omi sí i tipátipá, tí abẹ́rẹ́ géèjì, ìyẹn aago tó ń wọn agbára omi inú páìpù, kò sì lọ sílẹ̀. Ilẹ̀ ibi ìwẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gba omi dúró fún wákàtí 24 kí táìsì tó kàn án.

Ìdá 10 tó gbẹ̀yìn ló fa àríyànjiyàn. Mo fẹ́ kó wà lọ́wọ́ mi fún oṣù kan lẹ́yìn iṣẹ́, torí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó ń wọ́ kì í tètè hàn. Ó ní owó òun ti wọmi báyẹn rí lọ́wọ́ oníbàárà kan. Ó dùn mí. A wá fẹnu kò pé ìdá 5 á jáde lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún gbogbo àbùkù tí a jọ kọ sílẹ̀ ṣe. Ìdá 5 kejì lẹ́yìn oṣù kan, bí mi ò bá sì ti kọ àbùkù tuntun ránṣẹ́ kí oṣù náà tó pé, mo gbọ́dọ̀ san án.

Ohunkóhun tí mo bá fẹ́ fi kún iṣẹ́, a ó kọ iye rẹ̀, a ó fọwọ́ sí i kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Àná ni wọ́n dán páìpù wò. Oríkèé kan lẹ́yìn síǹkì ń jò. Púlọ́ńbà tú u, ó tún un dì, abẹ́rẹ́ géèjì kò sì mira mọ́. Mo na tépù ìwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù kọ̀ọ̀kan, mo ya fọ́tò wọn kí n lè mọ ibi tí wọ́n wà lẹ́yìn ògiri, mo sì fi owó abala yẹn ránṣẹ́ sí agbaṣẹ́ṣe kó tó jáde nílé. Ọ̀la ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ògiri.