Kí a tó sùn lálẹ́ òní

Ẹ̀yin ará, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣẹ́jú 10 sílẹ̀ láti yẹ ara wa wò kí a tó sùn. Ìjọ tó ti gbàgbọ́ ni Pọ́ọ̀lù ní kó yẹ ara rẹ̀ wò (2 Kọ́ríńtì 13:5), kì í ṣe aláìgbàgbọ́.

Ọpẹ́ ló ṣáájú. Lẹ́yìn náà, ká bẹ Ọlọ́run pé kó wádìí ọkàn wa (Sáàmù 139:23-24), torí ọkàn a máa tan ẹni tó ni ín jẹ. Ká wá padà sí òwúrọ̀: ọ̀rọ̀ tí a sọ, owó tí a ná, ẹni tí a fojú tín-ín-rín, ohun tí a wò nígbà tí a dá wà.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń kùnà. “Olúwa, dárí jì mí” lásán kò tó; ká dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà gan-an. Irọ́ wo? Ta la pa á fún? Bó bá kan arákùnrin wa, ká lọ bá a làjà (Mátíù 5:23-24). Àwọn mìíràn sì ń dá ara wọn lẹ́bi mọ́jú láì dé 1 Jòhánù 1:9, tó ní Ọlọ́run yóò dárí jì wá bí a bá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa. Lójú tèmi, ewu tiwọn pọ̀ jù.

Ẹ má sì dúró de ọjọ́ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa nìkan. Kódà níbẹ̀, Pọ́ọ̀lù kò ní ká sá: ó ní ká yẹ ara wa wò, ká sì jẹ (1 Kọ́ríńtì 11:28).