Táblẹ́ẹ̀tì mi ò ní síìmù, iṣẹ́ tó ń ṣe fún mi ò kéré

Ọdún tó kọjá ni àbúrò mi tó wà ní Yaba gbé táblẹ́ẹ̀tì kan fún mi, tòkùnbọ̀ ni, ojú ẹ̀ fẹ̀ dáadáa, bátìrì ẹ̀ ṣì lágbára, ṣùgbọ́n kò sí ojú síìmù lára ẹ̀, Wi-Fi nìkan ló mọ̀. Ní Ẹ̀pẹ́ níbí, apá ibi tí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á wá, á tún lọ, ìgbà míì tí mo bá fẹ́ pe oníbàárà àfi kí n jáde sí títì. Bí táblẹ́ẹ̀tì ṣe wọ dúrọ́ọ̀ nìyẹn, oṣù mẹ́ta gbáko, àwọn ọmọ á kàn mú un fi ta géèmù, wọ́n á dá a padà. Ó ń dùn mí gan-an, owó ọmọ yẹn ló bá ẹ̀ lọ.

Ìyá tá a jọ ń gbé ilé ló là mí lójú, kò sì mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan. Ọjà Olúwo ló ti máa ń ra ẹja tútù láàárọ̀, èyí tí kò bá tà á gbé e sórí ààrò, á yan án, ẹja yẹn á sì wà fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Mo jókòó tì í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo wá ń rò ó pé ṣé inú ọjà ni ìyá yìí ń gbé ni? Ó lọ lẹ́ẹ̀kan, ó ra ohun tó fẹ́, ó gbé e wálé, ó yan án. Kí ló dé tí èmi fi rò pé tí mi ò bá sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà gbogbo, táblẹ́ẹ̀tì ò wúlò?

Látìgbà yẹn, lóṣooṣù, mo máa ń fi mẹ́mọ́rì kádì ránṣẹ́ sí àbúrò mi, èmi á kọ ohun tí mo fẹ́ sínú bébà, òun á fi Wi-Fi ilé ẹ̀ dáúnlóòdù ẹ̀ lóru, á kó o sínú kádì, á fún ẹni tó bá ń bọ̀ ní Ẹ̀pẹ́.

Iṣẹ́ mi ni mo kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo sítáì tí àwọn oníbàárà máa ń bèèrè, mo kó wọn sí fódà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bùbá àti ìró lọ́tọ̀, léèsì lọ́tọ̀, ànkárá ọmọdé lọ́tọ̀, nígbà tí Alájà kan bá wọlé tó ní òun ò tíì mọ ohun tí òun máa rán, mo kàn máa gbé táblẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́, ojú ẹ̀ tóbi, ó lè fa àwòrán náà kó rí bí ọrùn ẹ̀ ṣe rí gan-an. Ìwọ̀n wọn náà, inú Notes ni mo ń kọ ọ́ sí báyìí pẹ̀lú fọ́tò aṣọ tí mo bá rán tán, ìwé tí mo ń kọ ọ́ sí tẹ́lẹ̀, òjò ti pa á nígbà kan, ìwọ̀n aṣọ ẹbí èèyàn mẹ́rìnlá ló bá a lọ, mo ní láti tún pe gbogbo wọn wá.

Èyí tó wá jọ mí lójú jù ni app kan tó ń jẹ́ Kiwix. Ọ̀fẹ́ ni, ọdún 2007 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, òun ló ń jẹ́ kéèyàn ka Wikipedia láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. ZIM ni wọ́n ń pe fáìlì ẹ̀. Odindi Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwòrán ti lé ní 100 GB, ìyẹn ò lè wọ tèmi, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé e sí oríṣiríṣi, èyí tí kò ní àwòrán wà, èyí tó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nìkan wà, ti ìṣègùn nìkan tí wọ́n ń pè ní WikiMed wà, ti Yorùbá náà wà, òun kéré, wẹ́rẹ́ ló wọlé.

Ibi tí a ti jìyà nìyí o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Àbúrò mi dáúnlóòdù èyí tó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nìkan, ó fẹ́ kó o sínú kádì mi tó jẹ́ 32 GB, kádì ní fáìlì ti tóbi jù, bẹ́ẹ̀ àyè tó ṣófo nínú ẹ̀ lé ní 20 GB. Ọ̀sẹ̀ méjì la fi rò pé ayédèrú kádì ni wọ́n tà fún mi. Àṣé bí wọ́n ṣe ṣètò inú kádì náà ni, FAT32 ni wọ́n ń pè é, bí àyè ṣe wù kó pọ̀ tó, kò ní gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá ju 4 GB lọ, kádì 32 GB sísàlẹ̀ sì sábà máa ń wá bẹ́ẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù. Tẹ́ ẹ bá fọ́máàtì ẹ̀ sí exFAT, ètò míì tó ń gba fáìlì ńlá, á gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ kó gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ kúrò ná, torí fọ́máàtì ń gbá gbogbo ẹ̀ dànù ni, fọ́tò ìkómọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ báyẹn, mi ò rí i mọ́ títí dòní. Ẹ sì dán an wò pé táblẹ́ẹ̀tì yín mọ exFAT, àwọn tó ti pẹ́ míì ò mọ̀ ọ́n.

WikiMed ti ràn wá lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ tó ti dípẹtà gún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, àwọn yòókù ń sọ pé kó fi epo pa á. A ṣí i, a kà á pé kì í ṣe ìpẹtà gan-an ló ń fa tetanus, kòkòrò tó ń gbé inú iyẹ̀pẹ̀ àti eruku ló ń fà á tó bá gba ojú ọgbẹ́ wọlé. Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Kíkà kì í ṣe dókítà o, òun ló kàn jẹ́ ká tètè dìde.

Àkọ́bí mi ń múra JAMB. Látọdún 2015 orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn ti ń ṣe é, ìbéèrè 180 ni, 60 fún Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́ta yòókù, wákàtí méjì péré. Ẹ ṣírò ẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 40 ló máa kan ìbéèrè kan, torí náà kó mọ̀ ọ́n nìkan ò tó, ọwọ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ yá. Ó ní ìbéèrè àtẹ̀yìnwá ní PDF, ó tún ní app tó ń ka aago fún un. Fún Máàtì, Kolibri ló ń lò, ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì ò sí ni wọ́n dìídì ṣe é fún, fídíò ẹ̀kọ́ Khan Academy wà nínú ẹ̀, ó lè dá olùkọ́ inú fídíò yẹn dúró kó tún gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò ní bínú sí i.

Máàpù ńkọ́? Mo gbé aṣọ ẹbí lọ sí Àjárá ní Àgbádárìgì lóṣù tó kọjá, Organic Maps, app máàpù tá a ti dáúnlóòdù sílẹ̀, ló mú wa débẹ̀ láìsí dátà. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé GPS, ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ ibi tó wà, nílò íntánẹ́ẹ̀tì, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn sátẹ́láìtì yẹn wà lókè ní nǹkan bí 20,000 kìlómítà, àwọn ló ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ yín kàn ń gbọ́ ni, bíi rédíò. Ó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ ibi tẹ́ ẹ wà ní ìgbà àkọ́kọ́, ẹ dúró síbi tójú ọ̀run ti là. Kò lè sọ fún yín pé sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ wà ní Mile 2 ṣá. Àti pé ọ̀pọ̀ táblẹ́ẹ̀tì tí kò gba síìmù ni kò ní GPS rárá, tèmi ní in, ẹ yẹ tiyín wò kẹ́ ẹ tó gbójú lé e.

Tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bá fẹ́ sítáì, ọ̀kan á tan hotspot fóònù ẹ̀ láìsí dátà, táblẹ́ẹ̀tì á so mọ́ ọn, LocalSend, app tó ń gbé fáìlì láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn, á gbé e lọ. Ní ti bátìrì, flight mode ni mo máa ń fi sí ní gbogbo ọjọ́ kó má baà máa wá Wi-Fi tí kò sí kiri, mi ò sì jẹ́ kí wọ́n gbé e sí tòsí áyọ́ọ̀nù, ooru ń ba bátìrì jẹ́.

Nǹkan kan tí mi ò kì í gbàgbé mọ́: app JAMB àkọ́kọ́ tá a gbé wá láti Yaba, ìgbà tá a ṣí i ní Ẹ̀pẹ́ ló ní ká wọ íntánẹ́ẹ̀tì ká tó lè bẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ní báyìí, tó bá ti jẹ́ app tuntun, mo máa ń gbé táblẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀ ránṣẹ́, kí àbúrò mi tó dá a padà á fi sí flight mode, á ṣí gbogbo ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá kọ̀, ibẹ̀ ló ti máa yanjú ẹ̀.

Jímọ̀ tó ń bọ̀ kádì tún ń lọ. Àkọ́bí mi kọ Kẹ́mísírì sínú bébà, ọmọ iṣẹ́ mi kan fẹ́ fídíò bí wọ́n ṣe ń gé corset, èmi kọ máàpù ilẹ̀ Benin, oníbàárà mi kan ní Kútọnu ní kí n wá wọn òun.