Wòlíì Ojú Fèrèsé

Nínú gbogbo owó tó ń jáde nílé wa lóṣooṣù, owó kébù nìkan ni mo máa ń san tí inú mi á máa ru. Owó iná, mo mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Owó omi, mo mọ tiẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n kébù yìí, ìkànnì tí wọ́n kó sórí rẹ̀ lé ní igba, èyí tí à ń wò níbẹ̀ kò sì ju márùn-ún lọ: ti bọ́ọ̀lù, ti ìròyìn, ti àwòrán ọmọdé, ti ìyàwó mi, àti èyí tí màmá mi máa ń tàn sílẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ sùn. Àwọn yòókù, ńṣe la kàn ń gba orí wọn kọjá lọ síbi tí à ń lọ. Ìkànnì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń fa ikùn wọlé ni wọ́n ń polówó tọ̀sán-tòru. Ó pẹ́ tí mo ti ń sanwó fún ìkànnì yẹn. Ikùn mi ṣì wà níbi tó wà.

Nígbà tí wọ́n tún wá fowó kún un, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ tó dùn ún kà. Wọ́n ní kí n lè túbọ̀ gbádùn ara mi ni wọ́n ṣe fi kún un. Mo kà á tán, mo pe ìpàdé ẹbí.

Mo múra ìpàdé ọ̀hún gan-an. Mo sọ fún wọn pé ayé ti kúrò níbi tí a jókòó sí. Mo ní Netflix tí gbogbo wọn ń dárúkọ yìí, ọdún 1997 ni wọ́n dá a sílẹ̀, DVD ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń fi ránṣẹ́ sílé àwọn èèyàn nínú àpò ìwé, kó tó di pé wọ́n gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé lọ́dún 2007. Mo ní YouTube ti wà láti 2005, ọ̀fẹ́ sì ni. Mo tún mú ọ̀rọ̀ ẹ́ríà wá, èyí tí èèyàn kàn máa ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí á máa bá a gba àwọn ìkànnì tí kì í gbowó. Ọmọbìnrin wa tó jẹ́ àgbà bi mí bóyá a máa ṣe ìdánwò lórí ẹ̀.

Ìyàwó mi ò rẹ́rìn-ín. Fóònù rẹ̀ ló ń wò.

"Dádì, ẹ ti ṣírò dátà?"

Mo ní dátà wo.

"Àwọn Netflix yín fúnra wọn ló kọ ọ́ síbí. Wọ́n ní wákàtí kan ṣoṣo, tí àwòrán ẹ̀ bá mọ́ dáadáa, ó lè jẹ tó gíìgì 3. Tó bá wá jẹ́ 4K, èyí tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè tó gíìgì 7. Màmá sì máa ń tan tiwọn mọ́jú."

"Kí ni wọ́n ní mo jẹ?" Màmá ló bèèrè bẹ́ẹ̀ láti orí àga wọn.

A fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé wọn ò jẹ nǹkan kan. Mo wá ṣàlàyé pé íntánẹ́ẹ̀tì tí kò ní òdiwọ̀n la máa fà wọlé, ẹ̀ẹ̀kan là ń san án lóṣù, kí Màmá máa sùn níwájú ẹ̀ bó bá ṣe wù wọ́n. Ìyàwó mi ní òun ti gbọ́. Ọkọ ìyàwó tó bá pẹ́ nílé ló ń mọ̀ pé "mo ti gbọ́" kì í ṣe "mo ti gbà."

Mo pe iléeṣẹ́ kébù. Ẹni tó gbé ìpè náà bèèrè ohun tó dé, ó ní ṣé kò sí nǹkan tí a lè sọ kó yanjú, pé ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti jọ wà, àfi bí ẹni pé ìyàwó ni mo fẹ́ kọ̀ sílẹ̀. Nígbà tó rí i pé mi ò yí ohùn padà, ó ní kí n mú sùúrù fún òun. Orin bẹ̀rẹ̀ sí í dún létí mi. Ìgbà tó máa fi padà dé, owó tí wọn ò rí dín lọ́sẹ̀ tó kọjá ti dín kù ní ìdajì. Ìyẹn ló bí mi nínú jù. Tí ìdajì bá tó yín, kí lẹ ti ń fi ìdajì kejì ṣe látọjọ́ yìí? Mo ní kí wọ́n gé e.

Ìgbádùn ni níbẹ̀rẹ̀. Kò sí ìpolówó ikùn mọ́. Màmá nìkan ló ní ìṣòro díẹ̀, nítorí pé tẹlifíṣàn tiwọn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ti tàn án, àwòrán ti dé nìyẹn. Ti ìsinsìnyí máa ń kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó fẹ́ wò ó. Lọ́jọ́ kan mo wà nínú yàrá, ọmọ mi ọkùnrin ń ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ fún wọn pé, "Màmá àgbà, ó ní ta ló ń wò ó," mo sì gbọ́ ohùn Màmá tó lọ sókè: "Sọ fún un pé èmi ni! Ilé ọmọ mi ni mo wà!" Lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà, lẹ́yìn tí eré ti ń tẹ̀lé ara wọn lọ fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀rọ tún dúró, ó ní ṣé wọ́n ṣì ń wò ó. Màmá ní ẹ̀rọ náà ò lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n ní kódà kí àwọn ti sùn, kí ló kàn án.

Bá a ṣe wà nìyẹn tí àṣekágbá Ife Àgbáyé 2022 fi dé, Argẹntínà àti Faransé, ní Qatar, ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wá bá wa wò ó. Ti Faransé ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ṣì ń san owó kébù tiwọn, wọ́n sì wá wo bí tiwa ṣe ń ṣe, wọn ò kàn sọ ọ́ síta ni. Mo tan tẹlifíṣàn. Àwòrán mọ́ roro, ó ju ti kébù lọ. Ẹ̀gbọ́n kàn mi orí, wọn ò lè sọ pé kò dáa.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ aládùúgbò wa kí n tó lọ síwájú. Ògiri ilé rẹ̀ àti tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. Ọmọlúàbí èèyàn ni, ohùn rẹ̀ nìkan ló pọ̀ jù fún ara rẹ̀. Argẹntínà ló fẹ́ràn, àwo sátẹ́láìtì rẹ̀ sì wà lórí òrùlé níbi tó wà látọjọ́ tó ti kọ́lé.

Ìṣẹ́jú kẹtàlélógún, Argẹntínà gba pẹnáritì. Messi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ lójú wa ni. Ó ń fi ọwọ́ yí i, ó ń wá ojú ibi tó máa gbà jókòó. Ńṣe ni "Góóóòlù!" gba ojú fèrèsé wọlé.

A wo ara wa.

"Kí ló ṣe é?" Ẹ̀gbọ́n ni.

Mo ní bóyá nǹkan mìíràn ló ń wò. Messi sún sẹ́yìn, ó sáré wá, ó gbá a sílé. Kò sẹ́ni tó fò sókè lọ́dọ̀ wa. A kàn ń wo fèrèsé ni.

Góòlù kejì, ti Di María, bó ṣe rí náà nìyẹn. Kò tíì sí ohun tó jọ góòlù rárá lójú tiwa nígbà tí ariwo dé. Ẹ̀gbọ́n wá yíjú sí mi, wọ́n ní kí n ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ti íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n máa ń gé àwòrán náà sí wẹ́wẹ́ ni, ẹ̀là kọ̀ọ̀kan kì í ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ, wọ́n á wá máa ti àwọn ẹ̀là yìí láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn títí yóò fi délé wa. Tẹlifíṣàn wa ò sì ní fi ti àkọ́kọ́ hàn lójú ẹsẹ̀, ó máa kọ́kọ́ kó bíi mélòó kan jọ, torí kó má baà máa yípo nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì bá fà. Ìyẹn ló ṣe lè fi ìdajì ìṣẹ́jú pẹ́, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀.

"Ti sátẹ́láìtì ńkọ́?"

Mo ní ìyẹn gba òkè lọ, ó tó kìlómítà 35,786 sí ilẹ̀, kó tó padà wálẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í gbà á ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ.

Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ìyẹn ni pé èyí tó lọ sí ọ̀run tó padà ti délé, èyí tó rìn nílẹ̀ ṣì wà lọ́nà?"

Mi ò fèsì.

Ọmọ mi ọkùnrin ni kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó kàn gbé àga rẹ̀, ó lọ jókòó sójú fèrèsé. Ó ti yé e pé tí aládùúgbò bá ké "Góòlù," Argẹntínà ni. Tó bá ké "Yéè!" Faransé ni. Ó gbé ẹnu sétí Màmá, ó ń sọ ohun tó ń bọ̀ fún wọn, kò sì sọ ibi tó ti ń gbọ́ ọ. Màmá, tí etí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó wà níta, ò mọ̀ pé aládùúgbò kankan wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

"Màmá àgbà, Faransé máa gbá ọ̀kan wọlé báyìí."

Ìṣẹ́jú ọgọ́rin, Mbappé gbá pẹnáritì sílé. Màmá yíjú wò ó. Inú Ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn, àwọn Faransé ṣì ń gbé bọ́ọ̀lù sáré lọ sáàárín pápá, ọmọ yìí tún ní, "Òmíràn ń bọ̀."

Ẹ̀gbọ́n ní kó má kó àgbà lọ́kàn sókè. Kí wọ́n tó pa ẹnu dé, Mbappé ti fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù ọ̀hún lójú afẹ́fẹ́, àwọ̀n ti mì. Ìṣẹ́jú-àáyá 97 péré ló wà láàárín góòlù méjèèjì, ó wà nínú àkọsílẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ lé orí ọmọ ọmọ wọn. Wọ́n ní àwọn ti fura sí i láti ìgbà tí wọ́n ti bí i.

Ọmọ wa àgbà, tí òun náà ò tíì mọ àṣírí, ti bá a ta tẹ́tẹ́ àwo fífọ̀ nígbà yẹn. Nígbà tó fi máa di 3-3, ó ti jẹ gbèsè àwo tí yóò fọ̀ dọdún tuntun.

Èyí tó dùn mí jù fún Ẹ̀gbọ́n ni ti ìparí àfikún àkókò. Ọmọ yìí ní, "Áńkù, Faransé máa dé iwájú ilé Argẹntínà, àmọ́ kò ní wọlé." Ó ṣe díẹ̀, bọ́ọ̀lù já sí Kolo Muani lẹ́sẹ̀, òun àti aṣọ́lé nìkan. Ẹ̀gbọ́n fò dìde, ọwọ́ sókè, ẹnu là. Wọ́n wá rántí. Kolo Muani ò tíì gbá a tí wọ́n ti rọra jókòó padà. Martínez fi ẹsẹ̀ osì yọ ọ́.

Nígbà tí wọ́n wá dé orí wòmí-n-gbá-sí-ọ, kò sí ìfọ̀kànṣe mọ́. "Coman, kò wọlé. Dybala, ó wọlé. Tchouaméni, síta." Bí ẹni ń ka orúkọ ní kíláàsì. Montiel ṣì ń rìn bọ̀ láti àárín pápá lójú wa ni aládùúgbò ti jáde síta tó ń fọwọ́ lu géètì. Ẹ̀gbọ́n wọ bàtà. Wọn ò dúró kí Montiel gbá a. Bí wọ́n ṣe ń jáde, wọ́n bi mí bóyá íntánẹ́ẹ̀tì tiwa ti gbọ́ pé oṣù Kejìlá la wà.

Láti ọjọ́ náà, Màmá ò jẹ́ kí ọmọ yìí sinmi. Wọ́n bi í ìgbà tí orúnkún àwọn máa fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n bi í níbi tí gíláàsì ojú àwọn wà. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ lọ sójú fèrèsé.

Ìyàwó mi pe ìpàdé tiẹ̀. Ó ní ká padà sí kébù, ó kéré tán lásìkò ìdíje bọ́ọ̀lù, ká máa gé e tó bá ti parí. Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò sì fẹ́ gbà. A dìbò. Màmá ní àwọn ò fẹ́ ohunkóhun tó máa ba ẹ̀bùn ọmọ jẹ́. Ọmọ yìí náà dìbò fún íntánẹ́ẹ̀tì kíákíá. Èmi ni ẹnì kẹta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ò ráyè dìbò, àwo ló ń fọ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni aládùúgbò kan ilẹ̀kùn wa. Wọ́n ti fowó kún ti òun náà. Ó ní òun rí i pé a ti gé tiwa, òun sì fẹ́ kí n bá òun ṣe irú íntánẹ́ẹ̀tì yìí. Inú mi dùn kọjá àlà. Ọmọ mi fa aṣọ mi láti ẹ̀yìn, ó ní, "Dádì, ẹ má dá a lóhùn." Mo bá a ṣe é lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó yọ àwo orí òrùlé kúrò. Mo rò pé a ti wá dọ́gba, gbogbo wa á jọ máa pẹ́. Kò yé mi pé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe máa ń pẹ́ tó. Tiẹ̀ wá pẹ́ ju tiwa lọ. Bọ́ọ̀lù tó tẹ̀lé e, ọmọ yìí gbé àga rẹ̀ lọ sójú fèrèsé níbi tó máa ń wà, ó ṣí fèrèsé gbàgà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké "Góòlù!" sí ilé kejì.

Ìdajì àkọ́kọ́ ò tíì parí tí aládùúgbò fi wà lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá ọmọ yín sọ̀rọ̀."

"Ó mọ̀ pé ẹ máa wá," Màmá ló dá a lóhùn.