Ìṣẹ́jú-àáyá Mẹ́ta ní Iléṣà

Ní ọ̀sán Sátidé tó kọjá, ní pápá onísìmẹ́ńtì kan ní Iléṣà tí àwa mẹ́fà ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi kàátì, ọkọ̀ ìje kékeré tí kò ní òrùlé, díje, ni ìdí tí ìyípo kan fi ń gbà mí ní ìṣẹ́jú-àáyá 41 ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Eré àsápajúdé ni mo máa ń bá wọ kọ́nà, tí ẹ̀yìn ọkọ̀ á sì máa yọ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ wa dá mi dúró, ó ní: "Àbúrò, ọ̀pá kan ṣoṣo ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Bí èyí tó wà ní inú kọ́nà kò bá fúyẹ́ kúrò nílẹ̀ díẹ̀, ńṣe ni ọkọ̀ á máa wọ́. Tẹ bíréèkì nígbà tí o ṣì ń lọ tààrà, kí o tó yí ọwọ́."

Ní ti kíkọjá ẹlòmíràn, ìdí ẹni tó wà níwájú ni mo máa ń lẹ̀ mọ́, èyí tí kì í jẹ́ kí n rí àyè. Lọ́jọ́ náà, mo fà sẹ́yìn díẹ̀ kí a tó wọ kọ́nà, mo fi eré tó dán mọ́rán jáde, nígbà tí a ó sì fi dé kọ́nà ọ̀tún tó tẹ̀ lé e, imú ọkọ̀ mi ti wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lápá inú. Ó rí mi, ó yà fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi. Aago ìdíwọ̀n ka 38, inú mi dùn débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Kọ́nà tó wà lẹ́bàá igi máńgòrò ló kù tí n kò tíì mọ̀ ọ́n gbà dáadáa. Ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀.