Ajá Ìlọrin, ajá Ìlú Ọba: ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ kò jọra

Ẹ̀yin ará wa ní Ìlú Ọba tí ẹ ń fi oògùn ajá ránṣẹ́ sílé, ní Ìlọrin, Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ajá náà ń sùn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àìsàn awọ ara rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo eégbọn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lára ajá ilé wa kì í gbé inú koríko, inú ilé ló ń gbé. Bó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó, á já bọ́, á rá lọ síbi tí ògiri ti lanu, ibẹ̀ ni abo rẹ̀ á yé ẹyin sí, tó lè tó 4,000. Ìdí nìyẹn tí ajá tí wọ́n wẹ̀ ní Sátidé fi ń kún fún eégbọn padà láìpẹ́. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí ojú ògiri, ẹ sun àkísà tó ń sùn lé, kí ẹ sì fọ́n oògùn sí ilé ajá lọ́jọ́ kan náà tí ẹ wẹ̀ ẹ́. Bí ìgò amitraz (oògùn olómi tí wọ́n fi ń wẹ eégbọn kúrò lára ajá) bá jẹ́ 12.5%, mílílítà 2 ló ń lọ sínú lítà omi 1. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣe é níta gbangba, ẹ má fi omi ṣan án kúrò, ẹ má sì jẹ́ kí ajá lá ara rẹ̀ títí yóò fi gbẹ. Ẹ má dán an wò lára ológbò láé. Amitraz àti permethrin, oògùn kòkòrò mìíràn, lè pa ológbò.

Òtapiapia ńkọ́? Dichlorvos inú rẹ̀ ń gba awọ ara wọlé. Ajá á máa da itọ́, á máa gbọ̀n, ó sì lè kú. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú tí wọ́n fi ń pa kúrúnà náà kò dára, torí ajá yóò lá a sínú.

Ní Ìlú Ọba, inú koríko ni eégbọn wà. Bí ẹ bá ti rìn dé, ẹ yẹ etí, abẹ́ apá àti àárín ìka ẹsẹ̀ wò, kí ẹ di eégbọn mú létí awọ, kí ẹ fà á jáde láìtẹ ikùn rẹ̀. Ìyọnu inú ilé níbẹ̀ ni kòkòrò tíntín aláìníyẹ̀ẹ́ tó ń fò sókè, tó ń mu ẹ̀jẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní flea: ẹyin àti ọmọ rẹ̀ wà nínú rọ́ọ̀gì, ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru kì í sì í jẹ́ kí òtútù pa wọ́n. Ẹ fi omi gbígbóná ìwọ̀n 60°C fọ aṣọ tí ajá ń sùn lé, ẹ fi ẹ̀rọ fa ìdọ̀tí abẹ́ àga. Oògùn jíjẹ tí dókítà ẹran ń kọ, òmíràn fún oṣù kan, òmíràn fún ọ̀sẹ̀ 12, kílò ajá ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, kí wọ́n gbé ajá náà sórí ìwọ̀n. Ẹ má fojú díwọ̀n.

Ti èékánná tún yàtọ̀. Ajá tó ń sáré kiri lórí ilẹ̀ líle àti íńtálọ́kù ní Tánkè, ní Ìlọrin, ilẹ̀ ló ń gé e fún un. Èyí tí kì í kan ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ iwájú, ló máa ń ká bí òrùka títí á fi gún ẹran ara. Ajá Ìlú Ọba, rọ́ọ̀gì àti koríko ló ń tẹ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ kó-kó-kó lórí pákó, ó ti gùn jù. (Ajá aṣọ́gbà tí wọ́n tì mọ́ àgò látàárọ̀ ní Ìlọrin náà nílò gígé.) Mílímítà 1 sí 2 ni kí ẹ máa gé lẹ́ẹ̀kan. Nínú èékánná funfun, ẹ ó rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó pupa. Ẹ má dé ibẹ̀. Nínú dúdú, ẹ máa wo ojú ibi tí ẹ gé: yóò kọ́kọ́ funfun, yóò gbẹ, bí àmì roboto dúdú bá ti yọ láàárín, ẹ dáwọ́ dúró. Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde, ẹ fi ìyẹ̀fun àgbàdo tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ má máa ṣí i wò. Èékánná tó ti pẹ́ láìgé, iṣan inú rẹ̀ ti gùn tẹ̀lé e. Gígé díẹ̀díẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni iṣan náà fi ń fà sẹ́yìn.

Oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì le fún àtẹ́lẹsẹ̀ níbi méjèèjì. Ní Kwara, ọyẹ́ ló ń mú un sán. Òrí díẹ̀ lálẹ́ ti tó. Ní Ìlú Ọba, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nítorí yìnyín ló ń ta á. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣan án bí ẹ bá ti wọlé, kí ẹ nu àárín ìka gbẹ.

Bí ajá bá ń lá ẹsẹ̀ ṣáá nílé, ẹ wá eégbọn, jìgá tàbí ẹ̀gún láàárín ìka. Ní Ìlú Ọba, ohun tí ara rẹ̀ kọ̀ ló sábà wà nídìí rẹ̀, bíi kòkòrò inú eruku ilé. Bó bá sì jẹ́ pé irun ń re létí etí àti ní ìgbọ̀nwọ́, tí ara ń yún ẹ̀yin náà, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ẹran, irú èyí tó wà ní Fásitì Ìlọrin, kí ẹ tó ra oògùn kankan. Wọn á kán òróró díẹ̀ sára rẹ̀, wọn á fi abẹ ha á títí ẹ̀jẹ̀ á fi fẹ́ yọ, wọn á sì fi ẹ̀rọ asọhun-kékeré-di-ńlá wo kòkòrò tó wà níbẹ̀.