Àpòòtọ̀ Ọmọ Ni Ó Ń Díwọ̀n Ìrìn Wa

Ọjọ́ kẹrin tí a bọ́ ìlédìí kúrò nídìí ọmọ mi obìnrin ni mo kọ́kọ́ mú un jáde. Ọmọ ọdún 2 àti oṣù 4 ni nígbà náà. Nínú ilé, ó ti ń lọ jókòó sórí póò fúnra rẹ̀, ó sì ti lo odidi ọjọ́ kan láì tọ̀ sára, nítorí náà ni ọkàn mi ṣe balẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. A tò sórí ìlà níwájú ẹni tí ń gbowó ní ilé ìtajà ńlá kan, ó ku ẹni méjì kí ó kàn wá, nígbà tí ó fa aṣọ mi, tí ó ní, “Màmá, mo fẹ́ tọ̀.” Mo ní kí ó ní sùúrù díẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú pẹ́, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ó ya ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó dúró gbagidi, ó ń wo ìtọ̀ bí ó ti ń ṣàn gba inú ìbọ̀sẹ̀ lọ sínú bàtà. Lẹ́yìn náà ni ó gbójú sókè wò mí. Kò sunkún. Ó kàn ń wá ohun tí ó yẹ kí ó rò nípa ọ̀rọ̀ náà lójú mi ni.

N kò lè gbàgbé bí ó ti wò mí yẹn, nítorí pé gbogbo ohun tí mo kọ́ ọ ni ó ṣe. Ó mọ̀ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun, ó sì sọ ọ́ jáde kedere. Èmi ni mo ní kí ó fara da ohun tí ara rẹ̀ kò tíì lè fara dà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ̀nyí, ìrìn wa ni a gbọ́dọ̀ gé mọ ìwọ̀n àpòòtọ̀ ọmọ, nítorí pé kò sí bí a ṣe lè na àpòòtọ̀ náà kí ó gùn tó ìrìn wa.

Ọ̀nà tí àwọn oníṣègùn ọmọdé ń gbà fojú díwọ̀n bí àpòòtọ̀ ọmọ ti tóbi tó kò le: wọn a fi 2 kún ọjọ́ orí rẹ̀, wọn a sì sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 30, iye mílílítà tí ó lè gbà nìyẹn. Fún ọmọ ọdún 2, mílílítà 120 péré ni, bí ìdajì ife omi kan. Àwa àgbàlagbà máa ń mọ̀ pé ìtọ̀ ń bọ̀ nígbà tí ààyè ṣì wà, a sì lè fi iṣẹ́ tàbí ọ̀rọ̀ bò ó mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ póò kì í sábà mọ̀ títí àpòòtọ̀ rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, bí eré bá sì wọ̀ ọ́ lára, ó lè má mọ̀ rárá títí ìtọ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Àárín ìgbà tí ó sọ pé òun fẹ́ tọ̀ sí ìgbà tí ìtọ̀ náà dé lè má pé ìṣẹ́jú kan.

Nígbà tí mo mọ èyí, mo pa ilé ìtajà ńlá tì fún ìgbà díẹ̀. Ìrìn ìṣẹ́jú 30 ni a kọ́kọ́ ń rìn, a ó lọ, a ó sì padà. Kí a tó ṣílẹ̀kùn, a ó lọ sórí póò, n kì í sì í béèrè bóyá ó fẹ́ tọ̀, nítorí pé “rárá” ni ọmọ ọdún 2 máa ń dá ẹni lóhùn bí a bá béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo kàn máa ń sọ pé, “Ó yá, ká lọ tọ̀ ká tó jáde,” bí ẹni ń sọ pé ká wọ bàtà. Bí ìtọ̀ kò bá sì wá lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, ó dìde nìyẹn, n kò fi ipá mú un jókòó. Ibikíbi tí a bá dé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni a ń kọ́kọ́ wá, àní bí kò bá nílò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí òun náà lè mọ ibi tí ó wà, kí ẹ̀rù rẹ̀ sì ti tán kí ọ̀rọ̀ tó di kíákíá.

Ti ìgbẹ́ ní àkókò tirẹ̀. Bí oúnjẹ bá ti wọ inú, ìfun a máa mira láti ti èyí tí ó wà nísàlẹ̀ jáde, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi máa ń yàgbẹ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹun tán. N kì í jáde láàárín àkókò náà mọ́ bí mo bá lè yẹra fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n má ṣe fún un ní omi kí a tó jáde. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò ṣe é, mo sì rọ̀ yín kí ẹ má ṣe é. Omi tí ó dín kù máa ń mú kí ìtọ̀ ki, irú ìtọ̀ bẹ́ẹ̀ a sì máa yọ àpòòtọ̀ lẹ́nu. Ìgbẹ́ náà yóò gbẹ, yíyà á yóò di ìrora, ọmọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í há a mọ́ra, ìgbẹ́ tí ó kún inú náà yóò sì máa tẹ àpòòtọ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ tí àìrígbẹ́yà ń yọ lẹ́nu a máa tọ̀ sára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí òbí rẹ̀ kò sì ní mọ ibi tí ó ti wá.

Èyí tí mo rò jù ni ọ̀rọ̀ ìlédìí. Ṣé kí a tún wọ̀ ọ́ fún ọmọ nígbà tí a bá ń jáde, àbí kí a má fojú kàn án mọ́ láéláé? Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo búra pé kò ní kan ìdí rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni ìrìn àjò ọkọ̀ oníwákàtí 3 dé, mo sì rí i pé ìbúra náà yóò fìyà jẹ ọmọ lásán. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé, bí ìrìn kò bá ju wákàtí kan lọ, pátá ni. Bí ó bá gùn, mo ń wọ ìlédìí lé pátá lórí, kí ó lè mọ̀ ọ́n lára bí ó bá tutù, mo sì ń sọ òtítọ́ fún un pé ọ̀nà jìn ni, pé a ó ṣì máa dúró láti tọ̀. A sì máa ń dúró lóòótọ́, ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan láàárín wákàtí kan ààbọ̀. Póò kékeré wà ní ẹ̀yìn ọkọ̀, pẹ̀lú àpò ọ̀rá tí a tẹ́ sínú rẹ̀. Bí ó ti wù kí ojú ń kán wa tó, a kì í tú ìgbànú rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń lọ. A kì í sì í ká tówẹ̀lì nípọn sábẹ́ rẹ̀ lórí àga ọkọ̀, nítorí pé ìgbànú lè má dì í mú dáadáa mọ́.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta ní ẹ̀rù tirẹ̀. Ìjókòó rẹ̀ fẹ̀, ihò rẹ̀ jìn lójú ọmọ, ẹsẹ̀ ọmọ náà sì ń rọ̀ dirodiro. Ọmọ tí ẹ̀rù ń bà pé òun yóò já sínú rẹ̀ kò lè dẹ iṣan ìdí rẹ̀ kí nǹkan lè jáde. Mo ń di ìbàdí rẹ̀ mú, mo sì ń jẹ́ kí ó gbé ẹsẹ̀ lé itan mi. Àwọn kan wà tí omi wọn a máa ya fúnra rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ọ̀kan bú ramúramù lábẹ́ rẹ̀, ó fò mọ́ mi lọ́rùn, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi gbà láti wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta mọ́. Nísinsìnyí, mo ń fi bébà bo ojú kékeré tí ń ṣọ́ni lẹ́yìn ìjókòó náà, èyí tí ń mú kí omi náà ya, títí a ó fi ṣe tán. Fún ọmọbìnrin, iwájú ni a ti ń nù ún lọ sẹ́yìn, kí kòkòrò inú ìgbẹ́ má baà kó sí ojú ara tí ìtọ̀ ń gbà jáde.

Nínú àpò wa, pátá méjì àti ṣòkòtò méjì wà, ìbọ̀sẹ̀, bàtà kejì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, aṣọ ìnuwọ́, àti àpò tí omi kò lè jò láti kó aṣọ tútù sí. Ṣòkòtò onírọ́bà ni mo ń wọ̀ fún un. A ti pa bọ́tìnnì àti bẹ́líìtì tì ná.

Bí ó bá sì tọ̀ sára, ohùn mi kì í yí padà: “Ìtọ̀ ti dé ara pátá. Ó yá, ká lọ pààrọ̀ aṣọ.” N kò ní í bá a wí, n kò sì ní í jẹ́ kí ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wò wá jẹ́ kí n bá a wí. Ọmọ tí wọ́n ń jágbe mọ́ yóò kọ́ láti fara pamọ́ tàbí láti há a mọ́ra. Bí gbogbo ìjáde bá ń rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí ọmọ kò sì lè wà ní gbígbẹ fún wákàtí 2, ó ṣeé ṣe kí àkókò rẹ̀ má tíì tó. Ẹ dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ láìsí ìtìjú. Ṣùgbọ́n bí títọ̀ bá ń dùn ún, tàbí ọmọ tí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sára léraléra, ẹ gbé e lọ rí dókítà.

Lẹ́yìn oṣù méjì, a tún wà lórí ìlà ní ilé ìtajà kan náà, àwa ni ó sì kàn. Ó fa aṣọ mi. Mo gbé agbọ̀n wa sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, mo dì í lọ́wọ́ mú, a sì yára lọ. Nígbà tí a padà dé, pátá rẹ̀ gbẹ, ọwọ́ rẹ̀ tutù fún omi ìfọwọ́, àwọn mẹ́rin sì ti kọjá wa. A lọ tò sẹ́yìn wọn.