Ẹ Má Tíì Ya Èèpo Ẹ̀yìn Ìwé Yẹn Dànù

Ẹ̀rí pé ìwé jẹ́ ti àkọ́kọ́ ni ẹni tí ń kó ẹ̀dà àkọ́kọ́ ìwé ìtàn àràmàǹdà àwọn ọmọdé jọ ń náwó lé, nítorí pé ìtàn náà wà nínú ẹ̀dà tí ó jáde lánàá, kò sì wọ́n. Ẹ̀rí ọ̀hún máa ń wà lójú ewé tí wọ́n kọ ọdún sí, lára àwòrán, àti lára bébà ìbòrí tí wọ́n fi wé páálí ẹ̀yìn ìwé, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀nyí gan-an ni a máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́ ní Ìbàdàn.

Ọdún nìkan kò tó láti fi dá ìwé mọ̀. Ní 1865, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé Macmillan tẹ ẹ̀dà 2,000 ìwé tí Lewis Carroll kọ nípa ọmọdébìnrin kan, Alice, ṣùgbọ́n John Tenniel tí ó ya àwòrán rẹ̀ yarí pé wọn kò tẹ iṣẹ́ òun dáadáa. Wọ́n dá ìwé náà dúró, wọ́n sì tún un tẹ̀. Èyí tí wọ́n tún tẹ̀ jáde kí ọdún náà tó parí, síbẹ̀ 1866 ni wọ́n kọ sí i. Àwọn ewé tí Tenniel kọ̀ kò ṣègbé: wọ́n tà wọ́n fún Appleton, ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní New York, èyí tí ó fi ojú ewé àkọlé tuntun, tí òun náà ru 1866, sí wọn. Ìwé méjì lè tipa bẹ́ẹ̀ ru ọdún kan náà, kí ó sì jẹ́ pé èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà ni inú rẹ̀ jẹ́ ti àkọ́kọ́.

Ní ti The Hobbit ti 1937, ẹ̀dà 1,500 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀, Tolkien tí ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ ni ó sì ya àwòrán ìbòrí rẹ̀. Wọ́n ṣi orúkọ àbísọ Carroll kọ níbẹ̀, Dodgeson dípò Dodgson, wọ́n sì fi yíǹkì fagi lé lẹ́tà tí ó lé lára ọ̀pọ̀ ẹ̀dà. Ẹni tí ó ju ìbòrí yẹn nù ti ju owó ńlá nù.

Nílé níbí, ẹ̀dà 1938 ti Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D.O. Fágúnwà kọ, èyí tí ilé ìtàwé CMS tẹ̀ jáde, ti di àwátì. Mo tún ka ẹ̀dà 1968 ti ìtumọ̀ tí Wọlé Ṣóyínká ṣe sí ohun iyebíye, nítorí àwòrán Bruce Onobrakpeya tí ó wà nínú rẹ̀; lójú tèmi, iwin tirẹ̀ bani lẹ́rù ju ti Tenniel lọ.

Ìwé ilé-ìwé ni Fágúnwà. Bí ẹ̀gbọ́n bá kà á tán, àbúrò á gbà á. Bí ó bá tú, bàbá á gbé e fún ẹni tí ń di ìwé, ẹni yẹn á ya èèpo ẹ̀yìn rẹ̀, á gé etí ewé kí ó lè gún, á sì fi páálí tuntun bò ó. Ìwé náà á lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewé tí ọdún wà lè ti bá pàǹtírí lọ.

Bí irú rẹ̀ bá wà nínú àpótí bàbá yín, ẹ fi òwú dì í, ẹ má fi téèpù lẹ̀ ẹ́, torí gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń sọ bébà di pupa rúsúrúsú. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ àti lára ògiri tí ikán ń gbà wọlé, kí ẹ sì máa ṣí i sí atẹ́gùn lásìkò òjò kí ó má bàa bu.